Ìkirè àti Àpòmù Nínú Àká Ìwé Orí Kọ̀ǹpútà

Láyé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń lọ ní ilẹ̀ Yorùbá kò níláti rìn jìnnà ju ọjà Àpòmù lọ. Ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́ ti ń pàdé ará Ifẹ̀. Ibẹ̀ ni ará Òwu ti ń bá ará Ìjẹ̀bú dúnàá-dúrà. Ìkirè kò sì jìnnà sí i. Ìró ẹsẹ̀ àwọn oníṣòwò kan náà ni ìlú méjèèjì jọ ń gbọ́. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọ̀rọ̀ ti rí fún ọjà náà ni ó rí fún ìtàn àwọn ìlú tí ó yí i ká. Ẹnu àwọn àgbà jẹ́ ọ̀nà kan, oríkì jẹ́ ọ̀nà kan, ìwé tí a tẹ̀ jáde jẹ́ ọ̀nà kan; lẹ́tà, fọ́tò àti ìwé ìjọba tí ó ti gbó sínú àpótí náà jẹ́ ọ̀nà mìíràn. Ní ayé òde òní, ọ̀nà tuntun kan tún ti là: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó ní Ìkirè lè ka ìwé tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà láìdìde lórí àga rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ gbé yẹ̀ wò. Nígbà tí ọmọ Ìkirè tàbí ọmọ Àpòmù bá tẹ orúkọ ìlú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láti wá ìwé àtijọ́, kí ló dé tí ohun tí ó ń rí fi kéré? Ṣé ìlú náà ni kò ní ìtàn ni? Rárá o. Ìtàn kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ohun tí ó fa àìtó náà ni pé kọ̀ǹpútà kì í dá ìwé. Ohun tí ènìyàn bá pa mọ́, tí ó yà ní àwòrán, tí ó sì sọ lórúkọ nìkan ni ó lè gbé jáde. Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n: pípamọ́, yíyà, àti sísọ lórúkọ. Níbi tí ọ̀kan bá ti yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣe ni kọ̀ǹpútà yóò kàn máa wo ènìyàn lójú.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí pípamọ́, nítorí òun ni ìpìlẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìwé tí a tẹ̀ tí ó sọ nípa Àpòmù àtijọ́ ni ìtàn àwọn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ. Ẹni tí ó bá kà á lónìí lè rò pé wẹ́rẹ́ ni ó bọ́ sí ọwọ́ aráyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Johnson parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1897. Ní ọdún 1899 wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìlú Ọba, láti ọwọ́ ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì kan. Ìwé náà sọnù síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tún fi ojú kàn án mọ́. Johnson kú ní ọdún 1901 láìrí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí ó di títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àkọsílẹ̀ pẹ́pẹ̀pẹ́ tí olóògbé náà fi sílẹ̀ jọ, tí ó sì jókòó tún odindi ìwé náà kọ.

Síbẹ̀ ìyà ìwé náà kò tíì tán. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916, nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní ń lọ lọ́wọ́, wọ́n tún fi í ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Appam. Ọkọ̀ ogun Jámánì dá Appam lọ́nà lórí òkun, ó mú un, wọ́n sì wà á lọ sí etíkun Amẹ́ríkà. Ó tó bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ibi tí wọ́n rán an lọ. Ọdún 1921 ni ó wá jáde, nígbà tí Obadiah pàápàá ti kú ní ọdún 1920. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, kò sí èyí tí ó fi ọwọ́ kan ìwé náà ní títẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Kí ni ìtàn yìí ń kọ́ ni? Ó ń kọ́ ni pé ẹ̀dà kan ṣoṣo kò tó ohun tí ènìyàn ń fi ọkàn tẹ̀. Bí kò bá jẹ́ pé àkọsílẹ̀ kan ṣẹ́kù nílé ni, tí ó sì jẹ́ pé ẹni tí ó lè kà á tí ó sì lè tò ó wà láàyè, ohun púpọ̀ tí àwọn ènìyàn ń sọ lónìí nípa Àpòmù ni kì bá ti sí. Ẹ̀dà ìwé ọdún 1921 náà ti wà lórí ẹ̀rọ ayélujára báyìí, nínú àká ìwé tí ń jẹ́ Internet Archive, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1996. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ láti ojú ewé kìn-ín-ní títí dé òpin, kí ó sì ní kí ẹ̀rọ wá gbogbo ibi tí orúkọ Àpòmù ti jẹ yọ fún òun.

Kí ni yóò rí níbẹ̀? Yóò rí i pé kí Awólẹ̀ tó jẹ Aláàfin, ó ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sí oko ẹrú ní Àpòmù, Baálẹ̀ Àpòmù sì ní kí wọ́n nà án nítorí ìwà burúkú yìí. Nígbà tí Awólẹ̀ gorí oyè, kò gbàgbé ẹgba náà. Ó fẹ́ kí a ṣígun sí Àpòmù. Baálẹ̀ sá tọ Ọ̀ọ̀ni lọ sí Ifẹ̀, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lélẹ̀ kí ìlú rẹ̀ má baà parun. Yóò tún rí i bí wọ́n ṣe ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé ní ọjà Àpòmù, bí Òwu ṣe gbé ogun wá láti dá ìwà náà dúró, àti bí aáwọ̀ lórí atare ní ọjà kan náà ṣe wá di ogun ńlá tí Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú jọ gbé ti Òwu, títí tí ìlú Òwu fi fọ́ ní àwọn ọdún 1820. Ọjà kan ṣoṣo, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti pọ̀ tó!

Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní dúró níbẹ̀ kí ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Johnson í ṣe láti ìran rẹ̀. Ẹnu àwọn àgbà Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni ó ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ. Nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe tún padà sídìí ọ̀rọ̀ Òwu. Ní ọdún 1971, Akin Mabogunje àti J. D. Omer-Cooper tẹ ìwé kan jáde lórí Òwu nínú ìtàn Yorùbá, wọ́n sì yẹ ohun tí Johnson kọ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn ará Òwu fúnra wọn ń sọ. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bi gbogbo ìwé àtijọ́ tí ó bá rí: Ta ni ó kọ ọ́? Ta ni ó kọ ọ́ sí? Kí ni ẹni náà kò lè rí láti ibi tí ó dúró sí? Bí ìwé bá ti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí, a ti mọ ibi tí a lè gbà á gbọ́ dé.

Àwọn tí wọ́n jí gbé, tí wọ́n sì tà ní irú ọjà bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni kọ nǹkan kan nípa tiwọn? Díẹ̀ ni ó rí ààyè kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Samuel Ajayi Crowther. Kì í ṣe Àpòmù ni wọ́n ti mú un, Òsóògùn ni, ní ọdún 1821. Ṣùgbọ́n ìdàrúdàpọ̀ ìgbà kan náà ni ó gbé e lọ. Ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní oṣù kẹrin ọdún 1822, wọ́n sì mú un lọ sí Sàró. Ní ọdún 1837 ó kọ lẹ́tà gígùn kan sí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì C.M.S., nínú èyí tí ó sọ bí ogun ṣe wọ ìlú wọn, àti bí wọ́n ṣe ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé etí òkun. Lẹ́tà kan péré ni, ṣùgbọ́n nípasẹ̀ rẹ̀ ni a fi gbọ́ ohùn ọmọdé kan láti àárín ogun tí ó gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ láìfọhùn.

Àwọn tí kò kọ lẹ́tà pàápàá kò parẹ́ tán. Nígbà tí wọ́n bá sọ àwọn ènìyàn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kalẹ̀ ní Freetown, akọ̀wé a máa kọ nọ́ńbà ẹnì kọ̀ọ̀kan, orúkọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, bí ó ti ga tó, àti ilà tàbí àpá tí ó wà lára rẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà ní Havana ní Kúbà náà. Àwọn onímọ̀ ti kó orúkọ inú wọn sórí kọ̀ǹpútà. Orúkọ ènìyàn tí ó lé ní 91,000 ni ó wà níbẹ̀, lára àkójọ ìtàn ọkọ̀ ẹrú tí ń jẹ́ SlaveVoyages. Púpọ̀ nínú àwọn orúkọ náà jẹ́ ti Yorùbá, ṣùgbọ́n akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá ni ó kọ wọ́n, bí etí rẹ̀ bá ti gbà á sí. Ó lè fi h kún ibi tí kò yẹ, ó lè kọ oo níbi tí Yorùbá ń kọ u, kò sì sí àmì ohùn rárá. Ẹni tí yóò mọ ohun tí ó wà nídìí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ níláti pè é sókè ketekete kí ó sì fetí sí i. Ìdí nìyí tí àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà fi ké sí àwọn tí ó gbọ́ èdè Áfíríkà pé kí wọ́n wá ran àwọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ní Ìkirè lè ṣe ju ọ̀mọ̀wé ńlá kan ní Amẹ́ríkà lọ nìyẹn.

Èyí mú ọ̀rọ̀ dé orí sísọ ìwé lórúkọ. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwárí ti ń kú sọ́nà. Ìkirè wà ní Ọ̀ṣun, Ìkẹ́rẹ́ wà ní Èkìtì. Bí ẹni tí ó ń to ìwé kò bá fi àmì sí orí ọ̀rọ̀, tí ó sì ṣi lẹ́tà kan kọ, ìwé Ìkirè ti bá ara rẹ̀ nínú àpótí Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ Owu láìfi àmì sí i, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bóyá ìlú Òwu ni ó ń wá, tàbí òwú tí a fi ń ṣe aṣọ, tàbí owú tí ìyàwó ń jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ifẹ̀, ìfẹ́ àti ife. Ọ̀gbẹ́ni tí ó bá ń rò pé àmì ohùn wulẹ̀ jẹ́ ohun ìṣòro tí olùkọ́ fi ń gba máàkì lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó wá wo bí àìsí rẹ̀ ṣe ń sọ odindi ìlú nù nínú àká ìwé. Ẹni tí ó bá ń wá ìwé, kí ó wá a pẹ̀lú àmì, kí ó tún wá a láìsí àmì, kí ó sì tún gbìyànjú bí àwọn òyìnbó àtijọ́ ṣe lè kọ ọ́.

Ohun mìíràn tún wà. Ilé ìpamọ́ ìwé kì í to ìwé gẹ́gẹ́ bí ìlú ṣe wà lónìí. Ọ́fíìsì tí ó kọ ìwé náà nígbà náà ni ó fi ń tò ó. Oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ìwé ọdún 1930 lábẹ́ orúkọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun yóò wá a títí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, abẹ́ Ìbàdàn ni Ìkirè àti Àpòmù wà. Nítorí náà, nínú ìwé Ìbàdàn àti ti Ẹkùn Ọ̀yọ́ ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ wá ohun tí ajẹ́lẹ̀ kọ nípa owó orí, nípa kòkó, nípa ọ̀nà tàbí nípa oyè ní ìlú méjèèjì. Ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ni ó ṣe agbátẹrù bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ ní ọdún 1954, lẹ́yìn tí ó ti lọ káàkiri tí ó rí bí ìwé ìjọba ṣe ń jẹrà nínú àwọn ọ́fíìsì. Òfin tí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ jáde ní ọdún 1957. Kì í ṣe gbogbo ìwé ibẹ̀ ni ó ti dé orí kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí nǹkan lórí ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ sọ pé kò sí. Kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn. Láti Ìkirè, ọ̀nà náà kò jìn.

Nípa ti fọ́tò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún le ju ti ìwé lọ. Ní ọdún 2011, ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Ìlú Ọba gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn yà ní Áfíríkà síta lórí ẹ̀rọ ayélujára, ti Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ẹni tí ó bá wo irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé orúkọ òyìnbó a máa wà níbẹ̀, pẹ̀lú ipò tí ó dì mú. Aláwọ̀ dúdú tí ó dúró tì í ńkọ́? Wọn a kàn pè é ní ìjòyè kan, tàbí obìnrin ọlọ́jà, tàbí ọmọ ìbílẹ̀. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹni tí ó ya fọ́tò náà rí ènìyàn, ṣùgbọ́n kò rí ilé tí ó ti wá. Ó rí aṣọ, kò mọ̀ bóyá ti ọdún ni tàbí ti ọ̀fọ̀. Ọmọ ìlú nìkan ni ó lè wo ilà ojú, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti igun ààfin tí ó wà lẹ́yìn, kí ó sì sọ pé báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Bí àwọn àgbà tí ó lè sọ ọ́ bá sì ti ń kú lọ, bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò náà ń yadi.

Ilẹ̀kùn mìíràn tún wà tí owó tì pa. Ìwé àwọn míṣọ́nnárì C.M.S., títí kan lẹ́tà àti ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ àwọn tí ó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, wà ní Yunifásítì Birmingham ní Ìlú Ọba. Wọ́n ti ya púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ó gbé e sórí ẹ̀rọ ń gba owó, yunifásítì ni ó sì sábà máa ń san irú owó bẹ́ẹ̀. Ó jẹ́ ohun ìbànújẹ́ pé ẹni tí bàbá ńlá rẹ̀ wà nínú lẹ́tà kan lè má rí lẹ́tà náà kà nítorí pé kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ kò ní owó. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ kò kéré. Yàtọ̀ sí ìwé Johnson, ìwé tí wọ́n ṣà jọ láti inú lẹ́tà Anna Hinderer, ìyàwó míṣọ́nnárì tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1853, wà níbẹ̀. Ọdún 1872 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìwé T. J. Bowen ti ọdún 1857 náà wà níbẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka èyí tí ó wà ní ṣíṣí kí ó tó sunkún nítorí èyí tí wọ́n tì.

Ẹnì kan lè wá sọ pé, bí ó bá jẹ́ pé àwọn ará òkèèrè ti ń ṣe é tó báyìí, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, kọ̀ǹpútà wọn yóò pa á mọ́ fún gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láti ọdún 2004 ni ilé ìkàwé ńlá Ìlú Ọba, British Library, ti ń ṣètò owó fún yíya ìwé tí ó fẹ́ parun káàkiri ayé, iṣẹ́ náà sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára kọlu ilé ìkàwé náà, wọ́n sì da iṣẹ́ ibẹ̀ rú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn ìwé tí wọ́n ti yà láti Áfíríkà, tí àwọn ènìyàn ti ń kà tẹ́lẹ̀, di ohun tí apá kò ká mọ́ títí wọ́n fi ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ó ṣe Appam ní ọdún 1916 ni ó tún ṣẹlẹ̀ yìí, àwọ̀ rẹ̀ ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó kó gbogbo ẹyin rẹ̀ sínú agbọ̀n ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ yà á lẹ́nu bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò rí agbọ̀n mọ́.

Nítorí náà, ilé ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ padà sí. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí ọmọdé bá sì ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ wo inú àpótí àwọn bàbá àti ìyá ní Ìkirè àti ní Àpòmù: rìsíìtì owó orí wà níbẹ̀, ìwé tí oníṣòwò kòkó fi wọn ẹrù wà níbẹ̀, káàdì ìrìbọmi wà níbẹ̀, ìwé ẹ̀rí mímọ́ ìwé mẹ́fà wà níbẹ̀, lẹ́tà tí ọmọ kọ láti ẹ̀yìn odi wà níbẹ̀, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ìlọsíwájú ìlú, fọ́tò ìgbéyàwó, àkọsílẹ̀ èsúsú àwọn ìyá ọlọ́jà, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sí èyí tí òyìnbó kọ nínú wọn. Ohun tí ìlú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ara rẹ̀ ni. Ìkán ń jẹ wọ́n, òjò ń rọ̀ sí wọn lórí. Bí bàbá bá sì kú, tí ìsìnkú bá parí, àwọn ọmọ a gbá wọn pọ̀ mọ́ pàǹtí, wọn a dáná sun wọ́n, wọn a ní ìwé àlòkù ni. Wọn kò mọ̀ pé òkú kejì ni àwọn ń sin ní ọjọ́ náà.

Kò yẹ kí a fi ojú yẹpẹrẹ wo ẹ̀rù àwọn tí kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn rí ìwé ilé wọn. Ìdí wà fún ẹ̀rù náà. Ìwé lè dá ẹjọ́ ilẹ̀, ìwé sì lè dá ìjà oyè sílẹ̀. Láti ìgbà tí Òfin Oyè ti Ìwọ̀ Oòrùn ti jáde ní ọdún 1957, ohun tí a kọ sílẹ̀ nípa ilé tí oyè kàn ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń gbé lọ sílé ẹjọ́. Bí àgbà kan bá ní òun kò ní jẹ́ kí ọmọ kékeré fi fóònù ya ìwé ilẹ̀ àwọn, kì í ṣe òpè. Lẹ́tà ìfẹ́, ìwé àìsàn àti ìwé gbèsè náà ní ìtìjú tiwọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rù yìí béèrè ni ìlànà. Kò béèrè iná. Kí olùwádìí gba àyè lọ́wọ́ ìdílé kí ó tó ya ohunkóhun. Kí ìdílé sọ èyí tí gbogbo ayé lè rí, àti èyí tí yóò wà ní títì fún iye ọdún tí wọ́n bá fẹ́. Kí ìwé gan-an má ṣe kúrò lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Ẹ̀dà ni kí olùwádìí gbà. Ìwé tí a yà tí a sì fi pamọ́ láìfi han ẹnikẹ́ni ṣì sàn ju ìwé tí ó ti di eérú.

Iṣẹ́ náà kò nira ju ohun tí kíláàsì kan lè ṣe lọ. Ogbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè àti ìtàn wà ní Ìkirè gan-an. Ilé ẹ̀kọ́ girama sì wà ní ìlú méjèèjì. Olùkọ́ lè ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé àtijọ́ kan ṣoṣo nílé wọn, kí ó tẹ́ ẹ sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ti ń wọlé dáadáa, kí ó sì fi fóònù yà á tojú tẹ̀yìn. Kí ó má ṣe lẹ ibi tí ó ya pẹ̀lú sẹ́lótéèpù, kí ó má sì rọ́ ọ sínú ọ̀rá, nítorí ohun tí a rò pé ó ń dáàbò bò ó ni yóò jẹ ẹ́ nígbẹ̀yìn. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò, kí ó fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Bírò a máa yọ sí iwájú. Lẹ́yìn náà ni kí ó jókòó ti àgbà ilé, kí ó kọ ohun márùn-ún sílẹ̀: kí ni èyí, ta ni ó wà níbẹ̀, níbo ni, nígbà wo ni, àti ta ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ohun karùn-ún yìí ṣe pàtàkì, nítorí òun ni yóò jẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn ọ̀la mọ̀ bóyá kí òun gbà á gbọ́. Kí ó fi àmì ohùn sí orúkọ bí ó ti yẹ, kí ó sì tún kọ ọ́ láìsí àmì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ó wá ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nílé, ọ̀kan ní ilé ẹ̀kọ́, ọ̀kan ní ibi tí ó jìnnà sí méjèèjì.

Kò sí ohun tí ó fi hàn pé ìwé yóò gba ipò oríkì tàbí ìtàn ẹnu. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Ìwé owó orí lè sọ iye tí bàbá san, kò lè sọ ìdí tí ó fi sá lọ sí oko ní ọjọ́ tí olówó orí wá. Ẹnu ni yóò sọ ọ́. Ẹnu lè sọ pé ìjà kan ṣẹlẹ̀ ní ayé ọba kan, ìwé ni yóò sọ ọdún rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mú méjèèjì pọ̀ ni ó ń ṣe ìtàn ní tòótọ́.

Lọ́jọ́ iwájú, ọmọ kan tí a kò tíì bí yóò tẹ Ìkirè tàbí Àpòmù sínú ẹ̀rọ tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Yóò rí ohun tí Johnson kọ. Àwọn òǹkọ̀wé òkèèrè àti àwọn ajẹ́lẹ̀ kò ní jẹ́ kí ó pòfo. Ohun tí kò dájú ni bóyá yóò rí ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ kọ sínú ìwé èsúsú ní ọjà. Ìyẹn kò sí lọ́wọ́ Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ní àpótí nínú yàrá lónìí, tí kò sì tíì ṣí i.